Ẹ Má Fi Í Sílẹ̀ Nìkan Nínú Omi: Ìkìlọ̀ Lórí Wárápá Lára Àwọn Ọmọ Àkàndá

Ẹni tí wárápá ń ṣe kò gbọdọ̀ dá nìkan wà nínú omi, ìbáà ṣe omi tí kò mùn ún dé orúnkún. Bí ẹni náà bá tún jẹ́ àkàndá, tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dàgbà, tàbí tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí ojú yín tún mọ́lẹ̀ sí i. Mo fi èyí ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù kí ẹni tí kò bá ráyè kà á tán má baà pàdánù rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2013, ọmọkùnrin ẹni ọdún 18 kan, Connor Sparrowhawk, kú sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Slade House nílùú Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ́tísìmù, ó ní ìpèníjà ọpọlọ, wárápá sì ń ṣe é. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì gan-an ni. Àwọn tó gbà á sílé ìtọ́jú náà mọ̀ pé wárápá ń ṣe é. Ìyá rẹ̀, Sara Ryan, tilẹ̀ ti kíyè sí i níbẹ̀ pé ọmọ òun gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ó sì kọ̀wé sí wọn pé àfàìmọ̀ kí wárápá má ti tún gbé e. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ ìyá sí. Wọ́n jẹ́ kó máa wọnú ọpọ́n ìwẹ̀ gbọọrọ, èyí tí èèyàn lè sùn gbalaja sí, láìsí ẹni tó dúró tì í. Wọ́n á kàn máa yọjú wò ó lóòrèkóòrè. Wárápá gbé e nínú omi, omi sì gbé e lọ.

Ohun tí àwọn tó ni ilé ìtọ́jú náà kọ́kọ́ sọ ni pé ikú àtọ̀runwá ni. Ẹbí rẹ̀ kò gbà. Wọ́n jà á títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2015, nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó wádìí ikú náà sọ ọ́ síta pé àìbìkítà wà lára ohun tó pa ọmọ náà, pé wọn kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa wárápá bó ti yẹ, wọn kò sì bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ ní kí Southern Health, àjọ tó ni ilé ìtọ́jú náà, san mílíọ̀nù 2 pọ́ùn owó ìtanràn lórí ikú Connor àti ikú obìnrin kan tí òun náà wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láti ọdún 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn òṣìṣẹ́ kíà kún àwọn tó lè gba fíìsà iṣẹ́ ìlera, títí tí wọ́n fi ti ọ̀nà náà mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ lọ́dún 2025, ọmọ Yorùbá tó ti kó ẹrù lọ ṣe iṣẹ́ náà kò níye. Ẹlòmíràn ti ń ṣe tíṣà níbí tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Kí ó tó mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí dáadáa, wọ́n ti fi àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó wẹ̀ fún un, kó fún un lóògùn, kó tọ́jú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bí ẹ bá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, ẹ bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá wárápá ń ṣe ẹni tí wọ́n fà lé yín lọ́wọ́, ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé ètò ìwẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi í sínú ọpọ́n kí ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn, ẹ sọ pé ẹ kò ní lọ. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni á pè yín ní alárìíwísí.

Nílé níbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní ọpọ́n ìwẹ̀ gbọọrọ, ṣùgbọ́n kànga wà, odò wà, báàfù ìfọṣọ wà. Ẹni tí wárápá bá gbé ṣubú, tó fi ojú bọ inú báàfù, kò ní lè gbé orí ara rẹ̀ sókè, omi tó kún imú àti ẹnu sì tó ohun tó ń pani. Iná náà wà: ààrò, sítóòfù, ìkòkò epo gbígbóná tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Àpá iná tí ẹ ń rí lójú àti lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wárápá ń ṣe, ìdí ààrò ni wọ́n ti gbà á. Kí ó máa jókòó sórí àpótí wẹ̀, kí a máa fi kọ́ọ̀pù bu omi sí i lára, kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè nawọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pa mọ́ ọn. Iṣẹ́ pípọn omi kànga kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá fẹ́ kópa nínú oúnjẹ sísè, kó máa ṣa ẹ̀fọ́, kí ẹlòmíràn dúró ti iná.

Ìdí tí wárápá àti ìpèníjà ọpọlọ fi máa ń rìn pọ̀ kò ṣòro láti yé ni. Iná kékeré ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara. Níbi tí ọgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, tàbí níbi tí kò ti hù bó ti yẹ láti inú oyún, iná náà lè máa ṣẹ́ pàràpàrà bíi wáyà tí ara rẹ̀ ti bó. Ọgbẹ́ kan náà tó jẹ́ kí ọmọ má tètè rìn, kó má tètè sọ̀rọ̀, ni wárápá ń gbà jáde. Nínú gbogbo ènìyàn lápapọ̀, ẹni tí wárápá ń ṣe kò ju nǹkan bí 1 lọ nínú 100. Láàárín àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, ó tó nǹkan bí 1 nínú 5, bí ìpèníjà náà bá sì ṣe le tó ni iye wọn ṣe ń pọ̀ tó.

Ọ̀nà tí ọgbẹ́ náà ń gbà wọlé ní ilẹ̀ wa kò fara sin. Ìrọbí tó pẹ́ jù, tí ọmọ jáde tí kò ké. Ibà tó wọ ọmọdé lọ́pọlọ. Àrùn yírunyírun tí a kò tètè gbé lọ sílé ìwòsàn. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun, tí ojú àti ara rẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, tí a ó wá máa gbé e jókòó sí oòrùn àárọ̀ nígbà tó yẹ kó ti wà lábẹ́ iná ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ káńfọ̀ kún un, torí àwọn ìyá wa ṣì ń jù ú sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè fara da òórùn káńfọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa bàjẹ́ lára wọn, ibà pọ́njú á le sí i, ó sì lè wọ ọpọlọ. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun rárá.

Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ hàn wá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, ìwádìí wọn sì jáde ní 1987: àwọn tí wárápá ń ṣe kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú 1,000. Ní Ayétẹ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀, iye tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ jẹ́ 37 nínú 1,000. Ìran kan náà, ilẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé Igbó-Ọrà ti ní ètò ìlera alábọ́ọ́dé tó múná dóko láti ọdún pípẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wárápá ló ṣeé dènà. Ẹni tó bá ń sọ pé àfọwọ́fà ayé ni gbogbo rẹ̀, kó wá sọ fún mi ìdí tí ayé fi fojú àánú wo Igbó-Ọrà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nípa àwọn ọmọ àkàndá tó ń ṣe wọ́n níkà, bẹ́ẹ̀ a kò ní i lọ́kàn láti ṣèkà. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Bí ọmọ tí kò ní ìpèníjà bá dédé dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, tó tẹjú mọ́ ògiri, tí a pè é tí kò dáhùn, gbogbo ilé á pariwo. Bí ọmọ àkàndá bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá dédé wó lulẹ̀, a ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Bó bá jí tó ti tọ̀ sára, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, tó sì ń sùn kiri títí di ọ̀sán, a ó ní ọ̀lẹ ni. Gbogbo ìwọ̀nyí lè jẹ́ wárápá. Kì í ṣe dandan kí ó gbọ̀n jìgìjìgì kí itọ́ máa hó lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan wà tí kò ju kí ojú máa ṣẹ́ pàkòpàkò, kí ọmọ má mọ ibi tó wà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń gba agbára kúrò lára lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni náà á ṣubú gbì bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀. Ọmọ tí ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀ kì í jinná tán kí òmíràn tó dé, ẹ lọ wádìí irú èyí lára rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ wo ọmọ oṣù márùn-ún kan lórí itan ìyá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lójijì, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, apá rẹ̀ méjèèjì nà síta, orúnkún rẹ̀ ká wá síkùn. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti tú. Ó sinmi díẹ̀, ó tún ṣe é. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀lé ara wọn, kó wá bú sẹ́kún. Ìyá àgbà á ní inú ló ń run ọmọ, kí wọ́n fún un ní omi inú rírun. Ará ilé kejì á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Wárápá ni, ó sì wà lára àwọn tó burú jù, torí pé bó ṣe ń ṣe ọmọ náà lójoojúmọ́ ló ń gba ohun tó ti mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín á dẹ́kun ẹ̀rín, èyí tó ti ń gbé ọrùn dúró, ọrùn rẹ̀ á tún máa mì. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William James West, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet ní 1841. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ran òun lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí kò rí nígbà náà ti wà lónìí. Oògùn wà tó ń dá a dúró lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kò gba kí a máa fi oṣù ṣeré. Bí ọmọ yín bá ń ṣe báyìí láàárọ̀ òní, kí ó ti wà níwájú dókítà ọmọdé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la.

Apá kejì rẹ̀ náà wà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ara ọmọ àkàndá bá ń ṣe ni wárápá. Àwọn tó ní ọ́tísìmù máa ń ju ọwọ́, wọ́n máa ń mi ara síwá sẹ́yìn nígbà tí inú wọn bá dùn tàbí tí ariwo bá pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn wárápá láìní wárápá, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ lo fóònù yín. Ẹ ya fídíò rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é, kí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hàn, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú fídíò náà kí dókítà lè rí i bóyá ó dáhùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fi lẹ wáyà wẹ́wẹ́ mọ́ni lórí, EEG, dára, àmọ́ ó lè má rí nǹkan kan lára ẹni tí wárápá ń ṣe ní tòótọ́, àwọn ọmọ mìíràn kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́ fún un. Fídíò yín lè sọ ohun tí ẹ̀rọ kò sọ.

Ẹ kíyè sí àwọn àgbà tó ní Down syndrome pẹ̀lú. Bí ẹni tí wárápá kò ṣe rí bá ti lé ní 40 ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí ta pì láàárọ̀ tí ife fi ń já bọ́, tó sì ń gbàgbé ohun tó mọ̀ dunjú, àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer's lè ti wọ̀ ọ́, kó sì fa wárápá wá. Ó wọ́pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwa yòókù lọ, ó sì máa ń tètè dé bá wọn.

Ìwà tó ṣàdédé yí padà ni ọ̀nà mìíràn tí ara fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń gbá orí mọ́ ògiri, tó ń ge ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, eyín lè máa dùn ún, etí lè máa ro ó, ó lè ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti rí ìgbẹ́ yà kẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé wárápá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lóru tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò. Oògùn wárápá fúnra rẹ̀ lè wà nídìí rẹ̀: levetiracetam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Keppra, máa ń mú kí inú bí àwọn kan ju bó ti yẹ lọ, phenobarbitone sì máa ń sọ àwọn ọmọ kan di aláìfẹsẹ̀múlẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sáré fún un ní oògùn àwọn tí orí wọn dàrú kí wọ́n tó wo eyín àti ikùn rẹ̀.

Ọmọkùnrin mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oliver McGowan, kú nílùú Bristol ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ọmọ ọdún 18 lòun náà. Ó ní ọ́tísìmù, ó ní ìpèníjà ọpọlọ tí kò le púpọ̀, wárápá sì ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ wárápá ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní irú oògùn orí dídàrú yẹn, bẹ́ẹ̀ òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti sọ fún wọn pé kò bá a lára mu. Ọpọlọ rẹ̀ wú, kò sì padà sílé mọ́. Ìyá rẹ̀, Paula McGowan, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Lọ́dún 2022 òfin sọ ọ́ di dandan kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera àti òṣìṣẹ́ kíà tí ìjọba forúkọ iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀kọ́ lórí ìpèníjà ọpọlọ àti ọ́tísìmù, orúkọ Oliver sì ni wọ́n fi pe ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn máa tẹ̀ ẹ́ kọjá kí ẹ lè rí ìwé ẹ̀rí. Ẹ kà á.

Bí wárápá bá wá gbé ẹni náà níwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wo aago. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́fà, ojú ẹni tí àyà ń já kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ kó àga, òkúta àti ohun gbígbóná kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ ká ìborùn tàbí aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ara yóò gbọ̀n títí yóò fi tán. Bó bá ti dẹwọ́, ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ di èjìká àti ìbàdí rẹ̀ tó wà lódìkejì mú, ẹ rọra fà á sọ́dọ̀ yín kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ dúró tì í títí yóò fi mọ ibi tó wà. Ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fún un ní omi tàbí oúnjẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ pátápátá. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn gbé e kí ti àkọ́kọ́ tó kúrò lójú rẹ̀, tàbí tó ṣẹlẹ̀ nínú omi, tàbí tó jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé, ọkọ̀ ni kí ẹ wá. Àwọn kan ní oògùn tí dókítà fún wọn pé kí wọ́n fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ihò ìdí nígbà tó bá pẹ́. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú wọn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn àgbà wa ṣe àwọn nǹkan kan nírú àkókò yìí, mo mọ̀. Síbẹ̀, àwọn nǹkan náà ń pa ọmọ. Ṣíbí tí wọ́n fi ń la ẹnu, eyín ló ń ká, eyín náà sì lè bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Ahọ́n kì í gbé ara rẹ̀ mì. Ata lójú, àdín ní imú, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ iná kí ọmọ lè "jí": mélòó nínú àwọn ọmọ tí gìrì mú ni ìbá ti dìde rìn lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta bí kò bá sí ẹsẹ̀ tó jóná? Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà pò ló burú jù nínú wọn. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti wádìí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó máa ń mú kí èémí falẹ̀. Ọmọ tí gìrì ibà lásán ìbá fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, àgbo yìí lè sọ ọ́ di ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, kí wárápá gidi wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan pé "àgbo náà ló gbà á sílẹ̀, kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà ni." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi.

Itọ́ tó ń hó lẹ́nu kì í ranni. Ẹ lè fọwọ́ nù ún. Ẹni tó bá ya àwo àti kọ́ọ̀pù ọmọ sọ́tọ̀ nítorí wárápá ń jẹ ọmọ náà níyà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ àkàndá tí wọ́n tún ń sá fún nídìí oúnjẹ, bí kò tilẹ̀ lè sọ ọ́, ó mọ̀ ọ́n.

Oògùn ń ṣiṣẹ́. WHO sọ pé tó 70 nínú 100 àwọn tí wárápá ń ṣe ló lè wà láìsí pé ó tún gbé wọn bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó tọ́. N kò ní tàn yín, ó máa ń ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, wọ́n lè nílò oògùn méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ti ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóṣù wá sí ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn náà ni orí tí kò fọ́, eyín tí kò ká, oorun tí ìyá rí sùn. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ dá oògùn dúró lójijì. Wòlíì lè gbàdúrà, aáfà lè gbàdúrà, àmín ni mo ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù láti fi ìgbàgbọ́ yín hàn, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Wárápá tó padà dé lẹ́yìn tí wọ́n já oògùn lójijì lè máa gbé ènìyàn léra wọn láìdáwọ́ dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Oògùn ti gbówó lórí gan-an láti ọdún 2023, ìyá mìíràn sì ti ń pín hóró kan sí méjì kó lè tó oṣù jẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ pé owó kò sí. Phenobarbitone ṣì wà, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ má jẹ́ kí kẹ́míìsì kankan ta tramadol fún un fún ara ríro, torí ó máa ń pe wárápá wá.

Bó bá jẹ́ obìnrin, tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, tí wọ́n sì fún un ní sodium valproate, tí wọ́n ń tà ní Epilim, ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà tó lè lò. Oògùn náà lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, ní ara àti ní ọpọlọ. Ẹ má sọ pé kò kàn án torí pé ó jẹ́ àkàndá. Àwọn ìkà wà tó ń wá irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kiri nítorí pé kò ní lè sọ ẹni tó ṣe é, oyún náà sì ń dé.

Oru ni kí ẹ tún ṣọ́. Ní ọdọọdún, nǹkan bí ẹni 1 nínú 1,000 àwọn tí wárápá ń ṣe ló ń kú lójijì, púpọ̀ nínú wọn lójú oorun, tí wọn kò sì ní rí ohun mìíràn tó pa wọ́n. Ewu náà pọ̀ jù lára ẹni tí wárápá ṣì ń gbé tó ń gbọ̀n, tó sì ń dá sùn nínú yàrá. Kí ẹnì kan máa sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ilẹ̀kùn ṣí kí etí lè gbọ́. Bí ẹ bá bá a tó dojú délẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ẹ yí i padà.

Ohun tó kù ni ìwé. Ẹ mú abala ìwé kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, bí wárápá rẹ̀ ṣe máa ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ohun tó máa ń ṣíwájú rẹ̀, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀, oògùn tí kò bá a lára mu, bó ṣe máa ń fi hàn pé nǹkan ń dùn ún, àti nọ́ńbà ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ilé ìwé, ẹ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé e ní ọ̀kan. Bí dókítà bá yí oògùn padà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ya ti àtijọ́ dànù.